Ta Ló Ni Èrè Ìrìnàjò? Ìṣípò Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìṣípò Ìbéèrè Ìwádìí

Láti ọdún 2017 tí Cassidy Sugimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé àpilẹ̀kọ wọn jáde nínú jọ́nà Nature, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ti di orin lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń kọ nípa ìrìnàjò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ònkọ̀wé tí iṣẹ́ wọn jáde láàárín 2008 sí 2015. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lo àdírẹ́sì orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ, àti pé iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni àwọn ẹlòmíràn ń tọ́ka sí jù: ìtọ́kasí tiwọn fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò kúrò lójú kan lọ. N kò bá ìṣirò yìí jà. Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀rí tí a ń fi í jẹ́, pàápàá nílé níhìn-ín, níbi tí a ti gbà báyìí pé lílọ gan-an ló ń sọ onímọ̀ di ẹni ńlá, pé ẹni tó jókòó ti fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Nínú ìmọ̀ tí ohun-ìwádìí rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ kan, bí àrùn, irè oko tàbí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan, apá tó pọ̀ nínú èrè tí a ń kọ sí orúkọ arìnrìnàjò jẹ́ èrè iṣẹ́ ẹni tí kò rìn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nìyẹn. Irinṣẹ́ tí àwọn oníṣirò ń lò kò lè rí ẹni náà, a sì ti jẹ́ kí àìrí wọn di àìsí rẹ̀.

Ohun tí àdírẹ́sì ń fi pamọ́

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí onímọ̀ kan ti wá? Orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ni wọ́n kà sí orírun rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀dọ́ kan tó gba oyè àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tó gba oyè kejì ní Ìlọrin, tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan ṣoṣo jáde nínú jọ́nà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú àkójọ Web of Science, tó wá lọ sí Leeds fún oyè ọ̀mọ̀wé, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ jáde. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nínú ìṣirò yìí. Bí ó bá dúró sí Leeds títí ayé, kò rìn rárá: ó wà lára ìdá 96 tí kò kúrò lójú kan. Bí ó bá sì padà sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n á kà á sí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Nàìjíríà. Gbogbo wa la mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ni ẹni tí à ń tọ́ka sí tí a bá ní àwọn onímọ̀ ń jápa, ìṣirò náà sì ti gbé e sí òdìkejì ibi tó yẹ kó wà.

Ìwádìí Franzoni, Scellato àti Stephan sàn jù níbi èyí. Nínú ètò GlobSci tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011, wọ́n bi àwọn onímọ̀ fúnra wọn léèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 18. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ìdá 56.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onímọ̀ tó wà ní Switzerland wá láti ìlú òkèèrè, tí ti Íńdíà kò sì ju ìdá 0.8 lọ. Nínú àpilẹ̀kọ wọn ti ọdún 2014, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọlọ́gbọ́n ló ń rìn ni, tàbí ìrìn ló ń mú wọn gbọ́n sí i. Wọ́n wá fi àwọn tí òbí wọn gbé kúrò nílùú láti kékeré ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ọmọdé kò fi ọgbọ́n sáyẹ́ǹsì yan ìrìnàjò. Ọgbọ́n tó dára ni. Ìdáhùn wọn ni pé ìrìn fúnra rẹ̀ lérè.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè 16 ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà, kò sì sí ẹyọ kan nílẹ̀ Áfíríkà nínú wọn. Ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Zurich tàbí Toronto lè bọ́ sínú àwọ̀n wọn. Èyí tó padà sí Ìbàdàn kò lè bọ́ sí i láéláé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé onímọ̀ tó ṣí kúrò nílé ń ṣe dáadáa ju èyí tó jókòó lọ, ó yẹ ká béèrè pé jókòó sí ibo. Jókòó sí Stockholm kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú jókòó sí Ṣágámù.

Ènìyàn ń ṣí, ìbéèrè náà ń ṣí

Sugimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwọn tó fi àdírẹ́sì àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó gba tuntun mọ́ ti àtijọ́. Àwọn tó pa ti àtijọ́ mọ́ ló pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpín yìí wúlò, ṣùgbọ́n ara ènìyàn ló ń wọ̀n. Ìpín tí mo fẹ́ dábàá ń wo nǹkan méjì pa pọ̀: ibi tí onímọ̀ wà, àti ibi tí ìbéèrè rẹ̀ wà. Ènìyàn lè ṣí kí ìbéèrè má ṣí. Ìbéèrè lè ṣí kí ènìyàn jókòó. Àwọn méjèèjì lè jọ ṣí lọ, èyí tó jẹ́ pé òun ni jápa ní ti òtítọ́, òun nìkan sì ni mo gbà pé ó jẹ́ àdánù fún ilé.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún ìpín yìí wà ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun kọ́ ìmọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó padà sí Ìbàdàn. Lọ́dún 1968, ó tẹ iṣẹ́ jáde nínú jọ́nà Brain nípa àìsàn kan tó ń bá àwọn ará abúlé fínra: ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìrìn á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ojú á máa ṣú, etí á sì máa di. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun, Monekosso tó jẹ́ ọmọ Cameroon, àti Wilson kọ ìròyìn ìwádìí abúlé tó so àìsàn náà mọ́ oúnjẹ, ìyẹn ẹ̀gẹ́ àti májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀. Kí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ọ̀ṣúntókun? Ọ̀nà àyẹ̀wò ni, bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ iṣan, bí a ṣe ń wá àmì májèlé nínú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ wọ ilé-ìwòsàn ló bi í.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ẹ̀gẹ́ yìí. A bó o, a rin ín, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ó lè ro, kó tó kan agbada. Iye ọjọ́ tí àpò náà fi jókòó, bí wọ́n ṣe fún un gbẹ tó, bí iná abẹ́ agbada ṣe le tó: nǹkan wọ̀nyí ló ń pinnu iye májèlé tó kù nínú gààrí.  Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ni ìmọ̀ náà wà, onímọ̀ tí kò bá sì lè jókòó tì wọ́n kó sọ̀rọ̀ kò lè mọ ohun tó yẹ kó wọ̀n. Ohun tí ìrìnàjò fi kún un ni irinṣẹ́. Ìbéèrè àti apá tó pọ̀ nínú ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Lọ́dún 2000, Olúwọlé àti Ọnàbólú, pẹ̀lú Hans Rosling àti Hans Link ti Karolinska ní Stockholm, kọ ìròyìn pé àwọn ti padà sí Òsósà ní agbègbè Ìjẹ̀bú, láti wò bóyá àìsàn náà ṣì wà. Ènìyàn 4,583 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n yẹ 3,428 wò, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 10 sókè. Wọ́n rí àìsàn náà lára 206, ìyẹn ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì pọ̀ ju ohun tí a rí ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú lọ. Láàárín àwọn obìnrin tó wà ní ọdún 60 sí 69, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí yìí tún jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wúwo jù: wọ́n ní ìwọ̀n sáyánáìdì tí ara ń gbà kò bá bí àìsàn náà ṣe ń jà lọ, àti pé ó ṣòro láti máa pe májèlé náà ní okùnfà rẹ̀. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ko ẹ̀kọ́ Ìbàdàn lójú.

Nípa ta ló jàre nínú àríyànjiyàn sáyánáìdì, n kò ní dá ẹjọ́ níhìn-ín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ kò tíì fẹnu kò. Ohun tó kàn mí ni bí a ó ṣe ka iṣẹ́ náà nínú ìṣirò ìrìnàjò. Àdírẹ́sì Sweden wà lórí rẹ̀, nítorí náà èrè ìrìnàjò ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n bá máa fi wéra ká ní kò sí ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn ní 1968 tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni nǹkan rí? Bí wọn kò bá rí ará Òsósà tó gbà kí wọ́n wọlé òun, tó sì tún jẹ́ kí wọ́n padà wá, kò sí nọ́ńbà 206. Ìbéèrè náà lọ sí Stockholm, ó gba agbára níbẹ̀, ó sì padà sílé, nítorí pé ó ní ilé tó lè padà sí. Mo rò pé a lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé Òsósà ló sọ iṣẹ́ Stockholm di iṣẹ́ tó yẹ kí a tọ́ka sí.

Òdìkejì rẹ̀ fi òótọ́ kan náà hàn. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, wà ní Ìbàdàn láti 1964 títí di 1974. Lọ́dún 1969, òun, Usanga àti Reddy tẹ iṣẹ́ jáde nínú jọ́nà Science nípa àwọn obìnrin tí irú sẹ́ẹ̀lì pupa méjì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí ẹ́ńsáìmù G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí tirẹ̀ kò tó. Nígbà tí ibà mú wọn, àwọn kòkòrò ibà fi ìlọ́po méjì sí ọgọ́rin pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé ju èyí tí kò pé lọ. Inú ara obìnrin kan ṣoṣo ni a ti fi méjèèjì wéra, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyàtọ̀ oúnjẹ tàbí ìyàtọ̀ ilé ló fà á. Luzzatto lo anfààní ìrìnàjò dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ibi tí kò ní sí ibi tó ní, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń rò ó. Ó ti Yúróòpù wá síbi tí ìbéèrè rẹ̀ ń gbé. Bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa èrè ìrìnàjò bá mú ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí ìrìnàjò láti Ítálì sí Ìbàdàn fi lérè ní 1964, tí wọn kò sì rántí fi irú rẹ̀ kún àpẹẹrẹ wọn lónìí.

Àwọn tó jókòó ní Ìdìkan

Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis lórí àrùn iyè-ríra ni àwọn tó fẹ́ràn ìrìnàjò máa ń fi yangàn. Lọ́dún 1992 ni Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ìdìkan ní ìlú Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ṣe apá ti Nàìjíríà. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 ni ayé mọ̀: láàárín Yorùbá 2,459 àti ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 2,147, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní àrùn iyè-ríra lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ìdá 3.24 ní Indianapolis. Ti Alzheimer nìkan jẹ́ 1.15 sí 2.52. Ṣáájú èyí, ní 1995, wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn kò rí ìsopọ̀ láàárín àbùdá APOE ε4 àti Alzheimer lára àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà, ohun tó ya ẹni tó ń wo ilẹ̀ Yúróòpù nìkan lẹ́nu.

Ọdún 1995 yẹn náà ni Ọ̀ṣúntókun kú. Iṣẹ́ náà kò kú. Ògúnníyì, Gùréjé, Baìyéwù àti àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní Ìbàdàn ló gbé e dé 2001 àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni mo pè ní ẹ̀rí tí a pa tì. Ká ní ìrìn ló ń ṣiṣẹ́, ikú arìnrìnàjò tó so ìlú méjèèjì pọ̀ ì bá ti so iṣẹ́ náà kọ́. Irinṣẹ́ tí wọ́n lò jẹ́ ìbéèrè tí a lè bi àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, a ó sì tún bi ẹbí rẹ̀ léèrè bó ṣe ń ṣe sí nílé. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn gbà: ẹni tó mọ agbolé tí ìyá àgbà ń gbé, tó mọ bí a ti ń wọlé kí i ká tó béèrè ohunkóhun, tó mọ èwo nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló lè sọ òtítọ́ nípa ìgbàgbé rẹ̀ láìrò pé ẹ̀gàn ni. Ó gba kí ẹni náà padà lẹ́yìn ọdún méjì, kí wọ́n sì rántí ojú rẹ̀. Kò sí àkójọ kankan tó ń ka ìyẹn. Lára àwọn tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ni kò ní àdírẹ́sì méjì, àwọn mìíràn kò ní orúkọ lórí àpilẹ̀kọ rárá.

Ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ kan ń fà mí níhìn-ín. Nínú ètò HapMap, tó ń wá ìyàtọ̀ àbùdá àwọn ènìyàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ènìyàn 90 láti Ìbàdàn, ìdílé 30 tó jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ, fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Coriell ní New Jersey ló ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọn, lẹ́tà mẹ́ta YRI tí wọ́n fi ń pè wọ́n sì ti wà nínú àpilẹ̀kọ tí kò níye láti ìgbà náà. Àwọn wọ̀nyí kò kúrò ní Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti dé láàbù gbogbo àgbáyé. Bóyá ó yẹ ká ní ìṣirò ìrìnàjò fún ohun-ìwádìí náà, kì í ṣe fún onímọ̀ nìkan. Mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀tọ́ ìwádìí.

Àtakò

Ẹnìkan á sọ pé mo ń gbé àìní ga. Ó ní ká ní Ọ̀ṣúntókun kò lọ ni, kò bá má mọ bí a ṣe ń wọn iṣan. Ká ní ọ̀dọ́ òde òní kò lọ ni, kò bá má rí fìríìjì tí iná kì í kú lórí rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lọ, mo sì kórìíra ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pe gbogbo ẹni tó lọ ní olè tó jí owó ìjọba tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àbá Bhagwati, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, láti àwọn ọdún 1970, pé kí wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ onímọ̀ tó lọ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, kò yanjú nǹkan kan nínú ohun tí mo ń sọ: owó lè padà kí ìbéèrè má padà. Ẹ tún wo Adétòkunbọ̀ Lucas, tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ láti darí TDR, ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru ti WHO, ní Geneva láti 1976 sí 1986. Bí a bá ka ìtọ́kasí rẹ̀ nìkan, a ó ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó darí ló ran àwọn olùwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ níbi tí àrùn náà wà. Òṣùwọ̀n tí kò lè rí Lucas kò tó òṣùwọ̀n.

Ohun tí àwọn alátakò kò sọ ni pé ilé tí ìbéèrè ń gbé lè wó. Luzzatto rí Ìbàdàn kan ní 1964 tó lè gba onímọ̀ láti Ítálì, tó sì lè san owó iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, Ìbàdàn yẹn kò sí mọ́. Láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ìwádìí tó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà lákòókò kan náà kò lè fara da irú oṣù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ láìfarapa. Nígbà tí ilé bá wó, ẹni tó lọ kò ní ibi tó lè mú irinṣẹ́ rẹ̀ padà sí, ìbéèrè rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e lọ. Èyí, sí tèmi, ni ohun tó ń pa sáyẹ́ǹsì wa, ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

A rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé náà padà. Christian Happi, ọmọ Cameroon tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn tó sì lọ sí Harvard, padà wá dá ibùdó ìwádìí àbùdá ACEGID sílẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ. Wọ́n kéde aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní òpin oṣù Kejì 2020. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àtòjọ àbùdá kòkòrò náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, ti jáde láti Ẹdẹ. Owó tó pọ̀ níbẹ̀ ṣì ń ti òkèèrè wá, n kò sì lè fi ibi kan ṣoṣo ṣe òfin. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ń wá sí Ẹdẹ láti kọ́ iṣẹ́ báyìí, èyí tí kò bá ìtumọ̀ tí a ń fún ìdá 40 yẹn mu rárá.

Nítorí náà, mo rọ ìgbìmọ̀ ìgbéga ní àwọn yunifásítì wa pé kí wọ́n yé fi máàkì fún ìrìn lásán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fún ẹni tó pa ibi ìwádìí kan mọ́ fún ọdún mẹ́wàá tí àwọn ẹlòmíràn fi lè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo sì rọ ẹni tó bá tún fẹ́ ka àwọn onímọ̀ tó ń rìn pé kó fi ìbéèrè mẹ́ta kún ìwé ìbéèrè rẹ̀: níbo ni wọ́n ti kó ohun-ìwádìí yìí jọ, èdè wo ni wọ́n fi kó o, ta ló wà níbẹ̀ kí o tó dé tó sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o lọ? Títí di ìgbà tí ẹnìkan yóò fi béèrè bẹ́ẹ̀, tí yóò sì béèrè rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ó kéré tán, kò sí ẹni tó fi hàn pé ti arìnrìnàjò nìkan ni èrè náà.